Páìpù abẹ́ òkun ń jò, ìgbì prẹ́ṣọ̀ ní kìlómítà 7.1 ni, òmùwẹ̀ débẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ẹ gbà mí o

Ẹlẹ́rọOmi:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ti ń da orí mi rú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi iṣẹ́ kálukú ti ní tiẹ̀ tó ń sọ, mo ní kí n gbé e wá síbí.

A ní páìpù irin kan, íńṣì 12, kìlómítà 18, ó ti ibùdó pọ́ǹpù lórí ilẹ̀ lọ sí pèpéle kan lójú òkun. Omi lásán ló ń gbé, èyí tí wọ́n ń fún sínú kànga epo kí prẹ́ṣọ̀ abẹ́ ilẹ̀ má bàa wálẹ̀. Ibi tó jìn jù tó gbà kọjá, omi tó wà lórí ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 60 mítà. Òǹkà ìṣàn níbi tó ti ń wọlé ń sọ 106 lítà ní sẹ́kọ́ńdì kan, èyí tó wà lórí pèpéle ń sọ 101. Àwọn kan ní òǹkà ló ń purọ́. A wá pa pọ́ǹpù, a ti fáàfù lápá méjèèjì, prẹ́ṣọ̀ tó wà ní 50 bar (bar la fi ń wọn prẹ́ṣọ̀) bá ń sọ̀ kalẹ̀, kò tó wákàtí kan tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Òǹkà ò purọ́ nìyẹn, páìpù ló ń jò.

Ibo ló wá ti ń jò? A lo ìgbì prẹ́ṣọ̀. A ti fáàfù orí pèpéle, pọ́ǹpù kékeré kan ń bá wa mú 50 bar dúró, a jẹ́ kí omi máa jáde ní bíi 10 lítà ní sẹ́kọ́ńdì kan láti ẹ̀ka íńṣì 2 lápá ilẹ̀, a wá pa á wẹ́rẹ́. Prẹ́ṣọ̀ fò sókè bíi 1.8 bar, ìgbì yẹn bá ta lọ sínú páìpù. Ìgbà 40 la ṣe é, a ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ a pín in. Ní 9.6 sẹ́kọ́ńdì gíráàfù rì díẹ̀, kò tiẹ̀ tó 0.01 bar. Mo ní 1480 mítà ni ìró ń rìn nínú omi ní sẹ́kọ́ńdì kan, mo fi 9.6 sọ ọ́ di púpọ̀, mo pín in sí méjì torí àlọ àti àbọ̀, ó jẹ́ 7104 mítà.

Òmùwẹ̀ lọ sí kìlómítà 7.1. Ọjọ́ méjì gbáko, 200 mítà síwájú, 200 mítà sẹ́yìn. Páìpù ń dán gbinrin. Ọ̀gá mi ti ń wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

BàbáFáàfù:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ tí o ṣe yẹn dáa, ìgbà 40 tí o tún un ṣe yẹn gan-an ló wú mi lórí, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan wọ́n á ní ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Ìbéèrè mi kan ṣoṣo: ta ló fún ẹ ní 1480 yẹn?

Ẹlẹ́rọOmi:
Inú ìwé ni sà. Ìró nínú omi, ní nǹkan bí ìwọ̀n 20 sẹ́ńtígíréèdì.

BàbáFáàfù:
Mo mọ̀. Inú omi tó wà gbalasa nìyẹn. Omi tìẹ wà nínú páìpù. Ìyá_Gíráàfù ń bọ̀, ó máa jókòó tì ẹ́ lórí ìyẹn, mi ò fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyá_Gíráàfù:
Bàbá ẹ ò ní í jẹ́ n sinmi 😂

Ẹ gbọ́, ìgbì prẹ́ṣọ̀ bó ṣe ń kọjá, ó máa ń ti ara páìpù síta díẹ̀, irin náà sì máa ń nà, ojú lásán ò lè rí i àmọ́ ó ń nà. Nínà yẹn ló ń fa ìgbì sẹ́yìn. Nítorí náà ohun tó ń pinnu eré ẹ̀ kì í ṣe omi nìkan, bí páìpù ṣe fẹ̀ tó sí nínípọn ara ẹ̀ wà ńbẹ̀, irú nǹkan tí wọ́n fi ṣe é náà wà ńbẹ̀. Páìpù irin tó fẹ̀ ní ìlọ́po 30 nínípọn ara ẹ̀, ìgbì máa rìn bíi 1270 mítà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Bí ara ẹ̀ bá fẹ́lẹ́ tó fi di ìlọ́po 60, ó máa wá sí nǹkan bí 1140. Páìpù oníke tó rọ̀ ńkọ́? Bíi 300 péré! Ẹni tó bá fi 1480 wá ibi tó ń jò nínú páìpù oníke, inú òkun mìíràn ló máa rán òmùwẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ má lo nọ́ńbà tèmi náà o. Páìpù yín fúnra ẹ̀ máa sọ fún yín. Fáàfù orí pèpéle wà ní títì àbí? Ìgbì á kọlu ibẹ̀ á padà wá, ìpadàwá yẹn tóbi, ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Sẹ́kọ́ńdì mélòó ló gbà?

Ẹlẹ́rọOmi:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó mà. 28.8.

Kìlómítà 18 lọ, 18 bọ̀, 36,000 mítà, mo pín in sí 28.8... 1250.

Háà.

1250 lọ́nà 9.6, kí n pín in sí méjì, 6000 mítà. Àwa wà ní 7.1! Kìlómítà kan àti díẹ̀ la fi ṣì í!

òmùwẹ̀78:
Ẹ wá wo nǹkan, àwọn èèyàn mi ló ń wẹ̀ káàkiri nísàlẹ̀ òkun fún ọjọ́ méjì torí nọ́ńbà inú ìwé. Mi ò bínú o. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Tèmi_Kúkú_Yé_Mi:
Ẹ dúró ná, ẹ má tíì jó. Nǹkan tó rì tí ò tó 0.01 bar, ẹ ti gbà pé ibi tó ń jò nìyẹn? Bí sẹ́ńsọ̀ bá húkọ́ ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọOmi, ẹ gbé gíráàfù yẹn síta dáadáa, kí ló tún wà lórí ẹ̀ tí ẹ ò sọ fún wa?

Ẹlẹ́rọOmi:
Òótọ́ lẹ sọ. Nǹkan méjì míì wà ńbẹ̀ tí mo gbójú fò. Ní 14 sẹ́kọ́ńdì gíráàfù gbéra sókè, bíi 0.04 bar. Lẹ́yìn ìyẹn ní 15 sẹ́kọ́ńdì géérégé ó rì, òun náà bíi 0.04. Mo fojú fò ó torí mo rò pé èyí tó kọ́kọ́ rì ló yẹ kó jẹ́ ibi tó ń jò.

Tèmi_Kúkú_Yé_Mi:
Ẹ ò rí i! Èyí tó rì ní 15 yẹn fi ìlọ́po mélòó ju ti 9.6 lọ, òun lẹ wá fi sílẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa lápálápá. Ibi tó ń jò máa ń mú kí gíráàfù rì, èyí tó tóbi jù ló rì jù, ó tán. Kìlómítà 9.4 ni mo máa rán òmùwẹ̀ lọ ní tèmi.

òmùwẹ̀78:
Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ fẹnu kò ná kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan.

BàbáFáàfù:
Ọ̀rẹ́ mi Tèmi_Kúkú, o sún mọ́ ọn àmọ́ o ò tíì débẹ̀. Jẹ́ ká wo ohun tó ń mú ìgbì padà.

Ẹ rántí pé ìgbì tí wọ́n rán lọ, ìgbéra ni. Bó bá kan ojú ihò, lára prẹ́ṣọ̀ yẹn á gbabẹ̀ jáde, ohun tó máa padà wá sọ́dọ̀ wa á jẹ́ rírì. Bó bá kan ibi tí páìpù há, ìbáà jẹ́ pé wax dì mọ́ ọn lára tàbí fáàfù kan ò ṣí tán, omi ò ráyè kọjá, ohun tó padà wá á jẹ́ ìgbéra. Bó bá tún jáde kúrò níbi tó há bọ́ sí ibi tó fẹ̀, rírì ló máa rán padà. Ṣé ó ti ń yé yín? Ìgbéra ní 14, rírì ní 15, méjèèjì sì tóbi bákan náà. Ọ̀nà tóóró kan nìyẹn, ẹnu ẹ̀ àti ìdí ẹ̀. Kò jọ ihò lójú tèmi.

Ẹlẹ́rọOmi, lọ wo àwòrán bí wọ́n ṣe to páìpù yẹn. 14 lọ́nà 1250 pín sí méjì, 8750. 15 máa jẹ́ nǹkan bí 9400. Kí ló wà láàárín 8750 sí 9400?

Ẹlẹ́rọOmi:
Mo ti rí i sà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun máa ń gbà kọjá, wọ́n lo páìpù tí ara ẹ̀ nípọn jù níbẹ̀ torí ìdákọ̀ró. Ìta ẹ̀ bá ìyókù dọ́gba, àyè inú ẹ̀ ló dín.

BàbáFáàfù:
Ó parí.

Tèmi_Kúkú_Yé_Mi:
Kò tíì parí lọ́dọ̀ mi. Mo gbà pé páìpù nípọn níbẹ̀. Ta ló sọ pé kò lè nípọn kó sì tún máa jò ní ìpẹ̀kun ẹ̀, níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀ mọ́ra? Àwòrán ò lè sọ ìyẹn fún yín. Ti 9.6 yẹn náà ńkọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí páìpù kàn ti fẹ̀ díẹ̀?

Ìyá_Gíráàfù:
Ìbéèrè tó dáa jù nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti ń sọ látàárọ̀ nìyí, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà: ẹ sọ prẹ́ṣọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún un ṣe.

Nínípọn ara páìpù ò mọ̀ bóyá 50 bar ló wà nínú òun tàbí 2 bar. Ìgbì tó bá kàn án máa padà ní ìwọ̀n kan náà. Ihò ní tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Omi tó ń gba ihò jáde kì í pọ̀ sí i ní ìbámu pẹ̀lú prẹ́ṣọ̀, gbòǹgbò onílọ́po méjì (square root) prẹ́ṣọ̀ ló ń bá rìn. Ẹ jẹ́ ká ní ihò yín tó 10 mílímítà. Ní 50 bar, omi bíi 4.7 lítà ló ń gbabẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ wo bó ṣe bá òǹkà ìṣàn yín mu. Bí ìgbì kékeré bá wá fi bar kan kún 50 yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan tó máa yí padà, ihò náà ti ń tú jáde tagbáratagbára tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ 2 bar ló wà nílẹ̀ tí ẹ fi bar kan kún un, ihò náà máa mọ̀ ọ́n lára. Mo ṣírò ẹ̀ fún páìpù íńṣì 12: ní 50 bar ihò yẹn máa dá nǹkan bí 0.4 pásẹ́ǹtì ìgbì padà, ní 2 bar ó máa dá bíi 2 pásẹ́ǹtì padà. Ìlọ́po márùn-ún! Tiyín lè dín díẹ̀ torí ìgbì 1.8 bar ò kéré mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2 bar.

Èyí tó bá dàgbà nínú rírì méjèèjì, òun ni ihò. Èyí tí ò bá mira, ara páìpù ni.

ọmọ_ẹ̀kọ́:
Àǹtí mi, ẹ má bínú, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mí. Mo rò pé bí prẹ́ṣọ̀ bá ṣe ga tó ni ibi tó ń jò á ṣe rọrùn láti rí tó?

Ìyá_Gíráàfù:
Ó dá lórí ohun tí ò ń gbọ́ ni àbúrò. Ọ̀nà méjì ló wà tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀.

Èkíní, o jókòó jẹ́ẹ́ o ń retí. Lọ́jọ́ tí páìpù bá bẹ́ lójijì, prẹ́ṣọ̀ á wálẹ̀ lójú ibẹ̀, ìwálẹ̀ yẹn á di ìgbì, á gba apá méjèèjì lọ. Sẹ́ńsọ̀ méjì ní ìpẹ̀kun méjèèjì, aago wọn bára mu nípasẹ̀ GPS, èyí tó kọ́kọ́ gbọ́ ló sún mọ́ ọn. Fún ìyẹn, òótọ́ lo sọ, prẹ́ṣọ̀ gíga dáa: ihò 10 mílímítà kan náà tó bá ṣí lójijì ní 50 bar máa rán ìgbì bíi 0.4 bar jáde, ní 2 bar kò ní í tó 0.1. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń sọ̀rọ̀. Bí o ò bá sí nídìí ẹ̀ nígbà tó bẹ́, tàbí tí ihò náà bẹ̀rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní í sí ìgbì kankan fún ẹ láti gbọ́.

Èkejì ni ti Ẹlẹ́rọOmi, ìwọ lo rán ìgbì lọ, o wá ń gbọ́ gbohùngbohùn bí ẹni tó pariwo sínú kànga. Ìyẹn ló ń fẹ́ prẹ́ṣọ̀ kékeré.

òmùwẹ̀78:
Èmi náà ní ìbéèrè. Ibi tí páìpù yẹn wà, tó bá jẹ́ 60 mítà, òkun fúnra ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta pẹ̀lú bíi 6 bar, torí gbogbo mítà 10 bar kan ni. Tẹ́ ẹ bá wá sọ prẹ́ṣọ̀ inú kalẹ̀ sí 2 bar, ṣé kì í ṣe omi òkun ló máa wá máa wọlé?

BàbáFáàfù:
Ibi tí ẹ ti ń ka 2 bar yẹn ńkọ́? Lórí ilẹ̀ ni, létí omi. Omi tó wà nínú páìpù náà ní ìwúwo, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí 60 mítà ni òun náà ń fi 6 bar kún ara ẹ̀. Inú máa jẹ́ 8, ìta 6, ìyàtọ̀ ṣì jẹ́ 2. Nínú páìpù omi, ohun tí ẹ kà létí òkun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìyàtọ̀ inú àti ìta níbikíbi. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi wálẹ̀ débi òdo kó tó dúró.

Ti gáàsì ló máa ń dójú tini, gáàsì fúyẹ́, kò fi nǹkan gidi kún ara ẹ̀ bó ti wù kó jìn tó. Ibẹ̀ ni omi òkun ti lè wọlé gba ojú ihò lóòótọ́ bí prẹ́ṣọ̀ bá lọ sílẹ̀.

OníGáàsì:
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rántí wa Bàbá. Ìyà tó ń jẹ wá nídìí gáàsì yàtọ̀ pátápátá. Ìgbì ń rìn bíi 400 mítà péré ní sẹ́kọ́ńdì kan, ó sì tètè máa ń rẹ̀ ẹ́. Bí omi àti gáàsì bá wá pò pọ̀ nínú páìpù kan, ẹ gbàgbé ẹ̀, ìgbì á kan ìkọ̀ọ̀kan àwọn ìfófòó yẹn á sì kú sáàárín wọn.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé jàǹbá ńlá ni, a kì í pẹ́ mọ̀. Páìpù Balticconnector tó wà láàárín Finland àti Estonia, kìlómítà 77 nísàlẹ̀ òkun, ní ọjọ́ 8 oṣù October 2023 prẹ́ṣọ̀ inú ẹ̀ já láti 34 bar sí 12. Wọ́n rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n tì í. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ òkun ló fà á ya. Oṣù April 2024 ni gáàsì tó tún gbabẹ̀ kọjá. Irú ìyẹn ò nílò gbohùngbohùn, ẹni tó ń sùn náà á rí i.

Tèmi_Kúkú_Yé_Mi:
Ẹni tó ń sùn á rí i, ẹni tí ò sùn ò ní í gbà á gbọ́ 😅. Ti California ńkọ́, 2021, páìpù epo ìtòsí Huntington Beach. Ìdákọ̀ró ló wọ́ òun náà nínú oṣù January, kò jò lójú ẹsẹ̀, oṣù October ló tó bẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ ké ìgbà 8 láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń tì í wọ́n ń ṣí i, torí ẹ̀rọ náà ń sọ fún wọn pé orí pèpéle ni jíjò náà wà, wọ́n wò yíká wọn ò rí epo kankan, wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Bíi bárẹ́ẹ̀lì 588 ló tú sókun. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní mo ń ṣe àríwísí jù, ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyẹn. Ẹ̀rọ lè mọ̀ pé nǹkan ń jò kó má mọ ibi tó wà, àwọn èèyàn á wá sọ pé kò sí nǹkan tó ń jò rárá.

òmùwẹ̀78:
Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ síhìn-ín. Bí òmùwẹ̀ ò bá rí nǹkan ní 7.1, ẹlòmíì á ti sọ pé ìgbì prẹ́ṣọ̀ ò wúlò.

Ẹlẹ́rọOmi:
Ọ̀gá mi ti sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an nìyẹn.

BàbáFáàfù:
Ẹlẹ́rọOmi, kí o tó lọ ṣe ti 2 bar yẹn, nǹkan méjì.

Ọ̀kan, ẹ̀ka kékeré yẹn ni kí o máa lò lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ pé fáàfù ńlá máa fún ẹ ní ìgbì tó nípọn jù. Joukowsky, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí lára páìpù omi Moscow láti nǹkan bí 1897 sí 1898, ìṣirò bí prẹ́ṣọ̀ ṣe máa fò tó ò sì le: ìwúwo omi, lọ́nà eré ìgbì, lọ́nà eré omi tí o dá dúró. Omi yín ń rin 1.5 mítà ní sẹ́kọ́ńdì kan lọ́jọ́ iṣẹ́. Pa fáàfù ńlá wẹ́rẹ́ lórí ìyẹn, bíi 19 bar ló máa fò lé 50. Lójú páìpù tó ti ń jò tẹ́lẹ̀! Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe é rí o, mi ò ní í sọ ibẹ̀, ibi tó ń jò kan di méjì.

Èkejì, bí prẹ́ṣọ̀ bá lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá há sínú páìpù á wú, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí sì ń dín eré ìgbì kù gan-an. Má gbé 1250 lọ síbẹ̀. Tún ìpadàwá láti pèpéle kà.

ọmọ_ẹ̀kọ́:
Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan péré sí i. Bó bá jẹ́ pé ihò kékeré ni ńkọ́, èyí tó ń kán tó-tó-tó? Ìgbì lè rí i?

Ìyá_Gíráàfù:
Rárá. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ẹ́. Páìpù tiwọn yìí, omi inú ẹ̀ tó 1270 tọ́ọ̀nù. Bí 200 lítà bá jò jáde nínú ẹ̀ ní odindi ọjọ́ kan, prẹ́ṣọ̀ á wálẹ̀ ní nǹkan bí 2.5 bar, ìyẹn hàn kedere lórí òǹkà, àmọ́ gbohùngbohùn ẹ̀ kéré débi pé ariwo sẹ́ńsọ̀ á gbé e mì. Irú ìyẹn, ẹ tì í ní wákàtí 24 kí ẹ máa wò ó. Níbẹ̀ náà wàhálà míì wà, ìgbóná. Omi tó wà ní ìwọ̀n 20, tó bá tutù ní ìwọ̀n kan péré nínú páìpù irin tí wọ́n tì pa, prẹ́ṣọ̀ ẹ̀ á já ní nǹkan bí 3 bar, láìsí ihò kankan lára ẹ̀! Òkun tutù lóru, wọ́n á ní ó ń jò. Òkun móoru, jíjò gidi á sápamọ́.

Páìpù tó sán àmọ́ tí ò tíì là jáde ńkọ́, èyí tí ìpẹtà ti jẹ dé ìdajì? Ìgbì prẹ́ṣọ̀ ò ní í sọ nǹkan kan fún ẹ nípa ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rin inú páìpù tó ń fi óòfà yẹ ara irin wò ló lè sọ ìyẹn. Àwọn tó ń ta àwọn nǹkan yìí máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀kan á ṣe gbogbo ẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rọOmi:
Mo ti padà dé o!!! Ẹ gbọ́.

A sọ prẹ́ṣọ̀ kalẹ̀ sí 2 bar, a ṣe é ní ìgbà 40 bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ìpadàwá láti pèpéle kúrò ní 28.8, ó di 29.1. Eré ìgbì ti wá sí 1237. Bí mo bá lo 1250, mo tún ṣì í nìyẹn.

Rírì àkọ́kọ́ yẹn wá wà ní 9.7. 1237 lọ́nà 9.7, ká pín in sí méjì, 6000 mítà. Kò yẹ̀! Ó sì ti dàgbà, tẹ́lẹ̀ kò tó 0.01, báyìí ó ti lé ní ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn. Ìgbéra àti rírì ti 14 àti 15 yẹn ńkọ́, àkókò wọn sún díẹ̀ torí eré ìgbì, àmọ́ gíga wọn bí wọ́n ṣe wà náà ni wọ́n wà.

Tèmi_Kúkú_Yé_Mi:
Ó dáa. Mo gbà. Ẹ rán wọn lọ sí 6.0.

òmùwẹ̀78:
Mélòó síwájú, mélòó sẹ́yìn?

Ìyá_Gíráàfù:
Ẹ fún un ní 150 mítà lápá kọ̀ọ̀kan. Bí fáàfù kékeré yẹn bá gba 50 mílísẹ́kọ́ńdì kó tó pa tán, iwájú ìgbì náà fúnra ẹ̀ gùn ní bíi 60 mítà, a ò lè fi nǹkan tó gùn tó yẹn tọ́ka síbi tóóró. Kìlómítà tó wà lórí àwòrán náà sì lè má bá gígùn páìpù mu, páìpù máa ń gun òkè ó máa ń sọ ìsàlẹ̀ lórí ilẹ̀ òkun.

Ẹ po àwọ̀ sínú omi yẹn o, fluorescein. Omi tó mọ́ tó ń tú sínú omi tó mọ́, kí ni òmùwẹ̀ fẹ́ rí?

òmùwẹ̀78:
Ẹnu yín ni n bá fi sọ ọ́ mà. Ọjọ́ méjì la fi wá omi nínú omi.

Ẹlẹ́rọOmi:
Ọjọ́ mẹ́ta rèé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè. WỌ́N RÍ I. 5,950 mítà. Ibi tí wọ́n ti fi bóòtù de páìpù méjì pọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ti já lápá ìsàlẹ̀, níbi tí yẹ̀pẹ̀ bò. Àwọ̀ ewé ló ń fọ́n jáde látinú yẹ̀pẹ̀, róbọ́ọ̀tì abẹ́ omi ya fọ́tò ẹ̀. 50 mítà péré la fi ṣì í nínú kìlómítà 18. Ọ̀gá mi ti ń bá mi rẹ́rìn-ín.

BàbáFáàfù:
Ó káre. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn tán, kí o tó fi páìpù sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́, tún ìgbà 40 yẹn ṣe ní 50 àti ní 2, kó o tọ́jú ẹ̀ síbi tó ò ní í sọnù. Lọ́jọ́ mìíràn, èyí tó bá yàtọ̀ sí i nìkan lo máa wò.

Ẹlẹ́rọOmi:
Mo ti ṣe é sà, láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti di bóòtù pa, 50 bar ti dúró láti àná. Ibi 9.6 ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Tèmi_Kúkú_Yé_Mi:
Ti 15 sẹ́kọ́ńdì ńkọ́?

Ẹlẹ́rọOmi:
Ó ṣì wà ńbẹ̀ 😂 bíi 0.04, kò lọ síbì kankan.